Lítíọ́mù Inú Omi Iyọ̀: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Pápá Iyọ̀ Orí Òkè Áńdíìsì

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a gbé àwòrán pápá iyọ̀ Uyuni ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà jáde, a sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀ pé abẹ́ iyọ̀ funfun náà ni lítíọ́mù, irin fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù, wà. Gbólóhùn kan yẹn kò tó, lẹ́tà yín sì ti fi yé wa pé kò tó. Mo ka gbogbo wọn, mo mú àwọn tí ìbéèrè wọn kó ti àwọn yòókù mọ́ra, ìdáhùn wọn sì nìyí. Ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ omi ló gba inú rẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ àti bátìrì ni ẹ béèrè. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà: *Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ni mo ti ń sọ fún wọn pé inú òkun ni iyọ̀ ti ń wá. Báwo ni iyọ̀ ṣe wá dé orí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀? Ṣé òkun ti gun ibẹ̀ rí ni?*

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Ohun tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ kò burú, ṣùgbọ́n òkun kọ́ ló gbé iyọ̀ Uyuni síbẹ̀, òjò ni. Láàárín ọ̀wọ́ òkè Áńdíìsì méjì, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Altiplano. Ó dà bí agbada tí a fi ń yan gaàrí, etí rẹ̀ ga yíká, kò sì sí odò kankan tó ti inú rẹ̀ ṣàn dé òkun. Òjò tó bá rọ̀ sórí àwọn òkè náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ òkè ayọnáyèéfín, a máa fọ ara òkúta, a máa yọ́ ìwọ̀nba iyọ̀ tó wà lára wọn, a sì gbé e ṣàn wọ inú agbada yìí. Nígbà tí omi náà kò sì rí ọ̀nà jáde, oòrùn àti afẹ́fẹ́ nìkan ló kù tó lè mú un lọ, omi nìkan ni àwọn méjèèjì sì lè gbé. Ẹni tó bá ti gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná rí mọ ohun tí mò ń sọ: omi ọbẹ̀ ló ń lọ, iyọ̀ rẹ̀ kì í bá a lọ. Káún tí à ń fi sínú ewédú pàápàá, ọ̀nà yìí kan náà ló gbà wáyé ní agbègbè adágún Ṣáàdì, níbi tí omi ti ń gbẹ sáàárín òkìtì yanrìn, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń gé ohun tó ṣẹ́kù tà.

Ní Uyuni, ohun tí mo sọ yìí ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Adágún ńlá a kún, a gbẹ, òmíràn a tún kún. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tauca ló tóbi jù nínú àwọn tó kẹ́yìn, ó sì wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 18,000 sí ọdún 14,000 sẹ́yìn. Omi rẹ̀ jìn ju 100 mítà lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbẹ́ ihò tó lé ní 220 mítà sínú ilẹ̀ náà ní ìparí àwọn ọdún 1990, iyọ̀ àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ń bá ní ìpele-ìpele, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni to aṣọ sínú àpótí. Lónìí, pápá náà ga ní 3,656 mítà sókè òkun, ó fẹ̀ ju ìwọ̀n kìlómítà onígun-mẹ́rin 10,000 lọ, ìyẹn ni pé gbogbo Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yín kò tó o. Ó sì tẹ́ débi pé nígbà tí wọ́n wọn apá kan rẹ̀ tó gùn ní kìlómítà 54, tó sì fẹ̀ ní kìlómítà 45, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibi tó ga jù àti ibi tó lọ sílẹ̀ jù kò ju 80 sẹ̀ntímítà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó láti fi yẹ ẹ̀rọ ìwọ̀n ara sátẹ́láìtì wò.

Àwọn Aymara, tí í ṣe ọmọ onílẹ̀, ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní èèyàn ni àwọn òkè tó yí ibẹ̀ ká nígbà ìwáṣẹ̀, àti pé Tunupa, òkè tó dúró létí àríwá pápá náà, jẹ́ ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ tí ọkọ rẹ̀ já sílẹ̀. Omijé rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ wàrà ọmú rẹ̀, ó sì gbẹ di ilẹ̀ funfun náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé ohun tó ṣàn tó sì gbẹ ni òun náà sọ.

Mo ní láti tún ohun tí a kọ sábẹ́ àwòrán wa ṣe. Lítíọ́mù kì í tètè dì bí iyọ̀ tí a ń jẹ. Nígbà tí iyọ̀ ọbẹ̀ bá ti di òkúta, lítíọ́mù ṣì wà nínú omi tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, kì í ṣe inú èèpo funfun tí ẹ rí nínú àwòrán ni wọ́n ti ń wá a. Inú omi iyọ̀ kíki tó fara pamọ́ sínú ihò wẹ́wẹ́ iyọ̀ náà nísàlẹ̀ ló wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama, Òṣogbo: *Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló kọ́kọ́ rí lítíọ́mù, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀ pé ó wà nínú àwọn pápá iyọ̀?*

Ìbéèrè méjì lo bi mí, ọmọ mi, àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ ló sì wà láàárín ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1800, José Bonifácio de Andrada e Silva, ọmọ Bràsíl kan tó mọ òkúta dunjú, ṣàpèjúwe irú òkúta kan tí wọ́n ń pè ní petalite, tó ti erékùṣù Utö ní Swídìnì wá. N kò lè dárúkọ ọkùnrin yìí kí n má sọ èyí tó kàn wá nípa rẹ̀. Ó padà sílé, ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ṣíwájú òmìnira Bràsíl, nígbà tó sì di 1823, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú, kí wọ́n sì máa dá àwọn ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ọdún náà gan-an, wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia ní Bràsíl.

Ní 1817, Johan August Arfwedson, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí Jöns Jacob Berzelius ní Stockholm, tú petalite sí wẹ́wẹ́, ó wọn gbogbo èròjà tó rí nínú rẹ̀, ó rò wọ́n pọ̀, iye náà kò pé. Ó tún un ṣe, kò pé síbẹ̀. Ohun tó sọnù nínú ìṣirò rẹ̀ ni lítíọ́mù. Wọ́n fún un ní orúkọ yìí láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí òkúta, nítorí inú òkúta ni wọ́n ti rí i. Ní 1855 ni Robert Bunsen àti Augustus Matthiessen fi iná mànàmáná yọ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìwọ̀n tí ojú lè rí dáadáa.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn èèyàn kò rí iṣẹ́ ńlá kan fún un. Wọ́n fi sínú gíríìsì ẹ̀rọ, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní àwọn ọdún 1950, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́pọ̀ yanturu fún bọ́ǹbù háídrójìn, ìbẹ̀rù bọ́ǹbù yìí ló sì fà á tí ìjọba Ṣílè fi ṣe òfin ní 1979 pé ti ìjọba ni lítíọ́mù, tí wọ́n sì fi àṣẹ títà rẹ̀ sábẹ́ àjọ tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì. Wọ́n ti ń yọ díẹ̀ láti inú omi iyọ̀ Searles Lake ní Kalifọ́níà láti 1938, nígbà tó sì di 1966, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Silver Peak ní Nevada. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé omi iyọ̀ lè ní lítíọ́mù nínú kí ẹnikẹ́ni tó wò ó ní Áńdíìsì.

Ní Áńdíìsì, wọn kò tilẹ̀ wá a lọ. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ Anaconda tó ń wa bàbà ní Chuquicamata ní àríwá Ṣílè nílò omi. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, ìwakùsà bàbà sì ń mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n wá omi lọ sí pápá iyọ̀ Atacama, tó ga ní nǹkan bí 2,300 mítà, wọ́n sì bá omi tó ní iyọ̀ débi pé kò wúlò fún wọn rárá. Nígbà tó di 1969, àjọ ìwádìí ilẹ̀ ti Ṣílè yẹ omi náà wò dáadáa, wọ́n sì rí lítíọ́mù nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò wọ́pọ̀ níbikíbi láyé. Omi tí àwọn awakùsà bàbà ti fojú pa rẹ́ ni.

Ti Uyuni dé lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olùwádìí ló sì wá a lọ ní tiwọn. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì ìjọba ní La Paz bá àwọn ará Faransé tí wọ́n wá láti àjọ ìwádìí ORSTOM ṣiṣẹ́ pọ̀, George Ericksen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti àjọ ìwádìí ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà náà sì wà níbẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, ló jẹ́ kí wọ́n lè rí bí àwọn pápá náà ṣe tò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n ń lu ihò sínú èèpo iyọ̀, wọ́n ń bu omi abẹ́ rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní 1976, ìròyìn ti jáde pé lítíọ́mù wà níbẹ̀, pàápàá ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí odò Río Grande de Lípez ti ń wọ pápá náà.

Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta: *Ṣé lítíọ́mù yìí náà ni oògùn tí a ń fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò balẹ̀?*

Òun kan náà ni, mà. John Cade, dókítà ará Ọsirélíà, ló kọ ọ́ jáde ní 1949 pé iyọ̀ lítíọ́mù ń mú ara àwọn aláìsàn tí inú wọn ń ru sókè jù balẹ̀, lítíọ́mù kábọ́nétì tí àwọn aláìsàn ń gbé mì sì ni irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún bátìrì. Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n ti fi í sínú ohun mímu pàápàá: nígbà tí 7-Up jáde ní 1929, èròjà lítíọ́mù wà nínú rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 1948 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà: *Ọ̀gá mi, ojoojúmọ́ ni mò ń yọ bátìrì tó ti wú kúrò lára fóònù. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ omi di ohun tó wà nínú bátìrì?*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì máa ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn bátìrì tó ti wú wọ̀nyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Atacama, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ jù. Wọ́n gbẹ́ kànga sínú iyọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi iyọ̀ náà sókè, wọ́n sì tú u sínú kòtò gbàràmù-gbaramu tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí nísàlẹ̀ kí omi má bàa jò lọ. Kòtò kan lè fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù mélòó kan lọ. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ oòrùn. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, oòrùn sì mú hanhan, nítorí náà omi ń lọ ní ojoojúmọ́ láìsí epo tàbí iná.

Nínú kòtò àkọ́kọ́, iyọ̀ tí a ń jẹ ló máa ń kọ́kọ́ dì sílẹ̀. Wọ́n a fa omi tó kù lọ sínú kòtò kejì, wọ́n a sì fi katakata ha iyọ̀ tó dì jọ, wọ́n a kó o jọ bí òkè funfun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, iyọ̀ potásíọ́mù a dì, wọ́n a fi ìyẹn ṣe ajílẹ̀ fún títà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn iyọ̀ magnísíọ́mù. Àwọ̀ omi náà ń yí padà bó ṣe ń ti inú kòtò kan bọ́ sí òmíràn: ó kọ́kọ́ máa ń dà bí ojú sánmà, ó di àwọ̀ ewé, nígbẹ̀yìn ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ki bí òróró. Ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ni èyí ń gbà. Omi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lítíọ́mù tí kò ju nǹkan bí ìdá 0.15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ á wá ní nǹkan bí ìdá 6.

Èyí ni wọ́n ń rọ sínú táńkà tí wọ́n ń gbé sọ̀kalẹ̀ lọ sí La Negra, lẹ́bàá ìlú Antofagasta létí òkun. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ bóróònù àti magnísíọ́mù tó ṣẹ́kù kúrò, wọ́n a wá po sódà mọ́ ọn. Bí sódà náà bá ti wọlé, lítíọ́mù kábọ́nétì á jábọ́ sísàlẹ̀ ní lúbúlúbú funfun. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tí wọ́n sá a gbẹ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní láfún. Lúbúlúbú yìí ni àwọn tó ń ṣe bátìrì ń rà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní La Negra ní 1984, ọdún méje ṣáájú kí Sony tó gbé bátìrì lítíọ́mù tí a lè máa gba iná sí jáde fún títà ní 1991. Àwọn mẹ́ta tí ọgbọ́n wọn bí bátìrì náà, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan lítíọ́mù kábọ́nétì ní nǹkan bí kìlógíráàmù 188 lítíọ́mù gan-an nínú. Bí omi iyọ̀ bá ní ìdá 0.15, tí kò sì sí ohun kankan tó sọnù, omi iyọ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 120 ni a ó fà sókè kí a tó rí tọ́ọ̀nù kan náà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ ń sọnù. Ó lè tó ìdajì, nítorí ó ń rin mọ́ iyọ̀ tí wọ́n kó dànù. Omi tó wà nínú gbogbo rẹ̀, ojú sánmà ló gbà lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí dé ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Oníṣòwò kan, Ìbàdàn: *Mo gbọ́ pé Bòlífíà ló ní lítíọ́mù jù láyé. Kí ló dé tí ilẹ̀ náà kò fi tíì là?*

Òótọ́ lẹ gbọ́. Àjọ ìwádìí ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà ti ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 23. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ya ohun tó wà nínú ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ti mọ̀ pé a lè yọ lérè, nínú ìsọ̀rí kejì yìí, Ṣílè ní ju mílíọ̀nù 9 lọ, Bòlífíà kò sì sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé iṣu tó wà nínú ebè kì í ṣe iṣu tó ti dé ọjà.

Ìdí kan wà lára omi náà fúnra rẹ̀. Ní Uyuni, magnísíọ́mù tó wà pẹ̀lú lítíọ́mù tó ìlọ́po 20 rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti Atacama jẹ́ bí ìlọ́po 6. Bẹ́ẹ̀ magnísíọ́mù ló ṣòro jù láti yà kúrò lára lítíọ́mù. Òjò tún ń rọ̀ ní Uyuni, láti bí Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta. Omi a bo pápá náà, á dà bí díńgí, ojú sánmà á hàn nínú rẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò á sì máa ya àwòrán. Ṣùgbọ́n òjò tó dùn ún wò yẹn ń bọ́ sínú kòtò tí oòrùn ti ń fa omi rẹ̀ gbẹ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ní Atacama kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gba àwọn aláṣẹ láti gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí kejì wà nínú ìtàn, èmi kò sì lè bá àwọn ará ibẹ̀ jà lórí rẹ̀. Uyuni wà ní ẹkùn Potosí. Ní Potosí ni òkè fàdákà ńlá tí àwọn ará Sípéènì bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1545 wà. Wọ́n fipá kó àwọn ọmọ onílẹ̀ sínú ihò náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n sì kó àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n fi ṣẹrú lọ sí ilé tí wọ́n ti ń rọ owó níbẹ̀. Fàdákà náà sọ àwọn ìlú ọ̀nà jíjìn di ọlọ́rọ̀, ìlú tó ti jáde kò rí nǹkan kan dì mú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àti bàbá-bàbá rẹ̀ bá rí irú èyí kò ní sáré fọwọ́ sí ìwé.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba fẹ́ gbé Uyuni fún ilé-iṣẹ́ Lithco ti Amẹ́ríkà láìpe ẹlòmíràn wá du iṣẹ́ náà, àwọn ará Potosí tú síta ní 1990, wọ́n dá àdéhùn náà dúró. Wọ́n ṣe òmíràn ní 1992, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ lórí owó orí, Lithco sì kó ẹrù rẹ̀ ní 1993, ó kọjá sí Hombre Muerto ní Ajẹntínà, níbi tó ga ní nǹkan bí 4,000 mítà, wọ́n sì ti ń yọ lítíọ́mù jáde níbẹ̀ kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní 2008, Evo Morales, ààrẹ Bòlífíà nígbà náà, tó jẹ́ Aymara, kéde pé ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é, àjọ àwọn àgbẹ̀ ẹkùn náà sì ti ń béèrè fún un. Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Llipi, wọ́n dá YLB, àjọ ìjọba tó ń bójú tó lítíọ́mù, sílẹ̀ ní 2017, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Jámánì kan ṣe àdéhùn ní 2018, wọ́n sì fagi lé e ní Oṣù Kọkànlá 2019 nígbà tí Potosí tún fárí gá, ọjọ́ mélòó kan ṣáájú kí Morales tó fi ipò sílẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ní yóò máa ṣe tọ́ọ̀nù 15,000 lọ́dún. Ní 2024, ìjọba tún tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ Rọ́ṣíà àti Ṣáínà fún ọ̀nà tuntun tí kò gbára lé oòrùn, ariwo sì tún ta lórí ìyẹn.

Ẹni tó wà lókèèrè lè pe gbogbo èyí ní ìfàsẹ́yìn. Ojú tí mo fi wò ó ni pé àwọn èèyàn tó ti pàdánù fàdákà kan ń gbìyànjú láti má ṣe pàdánù èkejì, wọ́n sì ń san owó gọbọi fún ìṣọ́ra náà, nítorí ọdún ń lọ, àwọn mìíràn sì ń tà.

Olùkà kan, Ìjerò-Èkìtì: *Ṣé irú èyí náà ni wọ́n ń wà lọ́dọ̀ wa?*

Lítíọ́mù kan náà ni, ọ̀nà rẹ̀ ló yàtọ̀. Tiyín ní Ìjerò àti ti apá kan Òkè-Ògùn wà nínú òkúta, bíi ti Arfwedson gan-an. A ó fọ́ ọ, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi iná àti ásíìdì bá a jà kí ó tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Ọsirélíà, tó ń tà jù láyé báyìí. Kò sí pápá iyọ̀ orí òkè nílẹ̀ Yorùbá, òjò wa kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan, Lọ́ńdọ̀nù: *Ọmọ mi ra ọkọ̀ oníná, ó ní kò sí èéfín, kò sí ìpalára. Ẹ jọ̀wọ́, àwọn tó ń gbé lẹ́bàá àwọn pápá iyọ̀ wọ̀nyẹn ńkọ́?*

Ẹ ṣé, ìyá wa. Ìbéèrè yín ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo lẹ́tà náà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ọmọ yín kò tú èéfín sí Lọ́ńdọ̀nù, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí lítíọ́mù inú rẹ̀ bá ti Atacama wá, omi ló fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ní àárín pápá ni omi iyọ̀ tó wúwo wà. Ní etí rẹ̀, omi mímọ́ tó ti orí òkè ṣàn wá lábẹ́ ilẹ̀ ń pàdé omi iyọ̀ yẹn, ó sì ń léfòó lé e lórí nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni adágún kéékèèké ti ń yọ sójú ilẹ̀, níbi tí ẹyẹ fílámíńgò oríṣi mẹ́ta ti ń ki ẹnu bọ omi láti jẹ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Níbẹ̀ náà ni koríko ti ń hù fún ẹran ọ̀sìn, ibẹ̀ sì ni àwọn ìletò bíi Peine àti Toconao wà, ilé àwọn Lickanantay, tí wọ́n tún ń pè ní Atacameño, tó ti ń dáko tó sì ń sin ẹran níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Sípéènì tó dé. Bí wọ́n bá ń fa omi iyọ̀ láàárín, ohun tó gbé omi mímọ́ dúró létí ń lọ sílẹ̀.

Lábẹ́ òfin Ṣílè, ohun àlùmọ́ọ́nì ni omi iyọ̀ jẹ́, wọn kì í kà á mọ́ omi. Ìyàtọ̀ yẹn wà nínú ìwé; nínú ilẹ̀, kò sí ògiri kan láàárín wọn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a kò bá pè ní omi, kò sẹ́ni tí yóò béèrè iye tó kù nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé oríṣi fílámíńgò méjì ti dín kù ní nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ní Atacama láàárín ọdún 11. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ bá àjọ àwọn Atacameño ṣe àdéhùn láti máa fún wọn ní ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó títà rẹ̀. Owó náà ń wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìletò kan gbà á, àwọn kan ṣì ń bínú, nítorí owó kò lè dí ipò kànga.

Ọ̀nà tuntun wà tí wọ́n ń gbà mú lítíọ́mù nìkan nínú omi iyọ̀, tí wọ́n á sì dá omi tó kù padà sínú ilẹ̀ dípò kí wọ́n sá a sóòrùn. Ní Hombre Muerto ní Ajẹntínà, láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lo èròjà kan tó ń fa lítíọ́mù mọ́ra. Kò wá túmọ̀ sí pé ibẹ̀ bọ́ nínú wàhálà, nítorí ọ̀nà yìí ń lo omi mímọ́ láti fi ṣan lítíọ́mù náà kúrò lára ohun tó fà á mọ́ra. Odò Trapiche tí wọ́n ti ń fa omi yìí ti gbẹ ní apá kan, pápá koríko tútù tí àwọn ará Atacameño ibẹ̀ ti ń da ẹran sì gbẹ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sílé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ẹkùn Catamarca, ní Oṣù Kẹta 2024, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ tuntun ní agbègbè Hombre Muerto àti odò Los Patos títí wọn yóò fi ṣe ìwádìí kan ṣoṣo tó kó gbogbo àwọn iṣẹ́ náà pọ̀, láti mọ ohun tí gbogbo wọn jọ ń ṣe sí omi ibẹ̀.